Mú Orin Tí O Fẹ́ràn Lọ sí Ọjà: Èrò Mi Lórí Ríra Íapíìsì

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, wo àyíká rẹ. Ìbáà jẹ́ inú ọkọ̀ ni o wà, ìbáà jẹ́ abẹ́ igi ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ó ṣòro kí o má rí ọ̀dọ́ kan tí wáyà ń rọ̀ láti etí rẹ̀, tàbí tí ó gbé hẹ́dífóònù lé orí bí ẹni dé adé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sony gbé Walkman jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1979, ènìyàn díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká ní ilẹ̀ wa. Lónìí, ọmọ tí ó ń kiri omi tútù pàápàá lè ní íapíìsì tirẹ̀. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó ṣòfò lórí rẹ̀, nítorí pé a kì í bi ara wa ní ìbéèrè kan kí a tó ná owó: irú orin wo ni mo fẹ́ràn jù?

Ohun tí ojú mi rí ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo ra íapíìsì kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀ pé báàsì rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Mo délé, mo fi í gbọ́ orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá tí bàbá mi máa ń gbọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Agídìgbo ń dún kìì-kìì bí ẹni ń gún iyán nínú etí mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí mọ́. Mo rò pé etí àgbà ni ó dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ó yọ tirẹ̀ fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ fi tèmi gbọ́ ọ wò." Owó tí ó fi ra tirẹ̀ kò tó èyí tí mo fi ra tèmi. Bí mo ti fi í sétí ni ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí ohùn akọrin sì mọ́ gaara. Etí mi kò ní àrùn kankan. Ọjà tí mo rà ni kò bá orin mi mu.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ìlù Yorùbá a máa sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí o ń kọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá ni dùndún àti gángan ń tẹ̀lé tí wọ́n fi ń ki ènìyàn, tí wọ́n fi ń pa òwe, tí wọ́n sì fi ń bú ẹni tí ó bá tọ́ sí èébú. Bí o bá kọ "oko" sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni o ní lọ́kàn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ tí ó da ìró pọ̀ mọ́ra wọn ṣe ń pa ìtúmọ̀ orin. Ẹni tí ó ń lò ó ń gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti fò ó.

Kí a lè mọ bí a ó ti yàn án, jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ íapíìsì, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí a ká jọ, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Bí iná mànàmáná tí ó gbé orin bá ń gba inú wáyà náà kọjá, awọ náà a máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yìí ni ó sì ń di ìró, gẹ́gẹ́ bí awọ gángan ti ń gbọ̀n nígbà tí a bá lù ú. Iye ìgbà tí ó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń fi Hertz kà. Etí ọ̀dọ́ tí ó jí pépé lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hertz títí dé 20,000. A lè pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Báàsì ni ó wà ní ìsàlẹ̀, títí dé nǹkan bí 250. Àárín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ dé nǹkan bí 4,000. Ìró òkè, irú ti agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ń bá a lọ kọjá ibẹ̀. Àárín yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró tí ó wà láàárín 300 sí 3,400 lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ara wa ń yé wa.

Nísinsìnyí, wo orin tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ jùjú ni, irú ti King Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey, gìtá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa lọ́ mọ́ ara wọn, tí ìlù sì ń dá wọn lóhùn. Nínú àwo orin Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní ọdún 1982, gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta wà níbẹ̀, ó ń fà gùn bí ohùn ènìyàn. Ìgbọ́rin tí àárín rẹ̀ mọ́, tí báàsì rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ni ó yẹ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àpàlà tàbí sákárà ni, irú ti Yusuf Ọlátúnjí pẹ̀lú gòjé rẹ̀, rántí pé àwo àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn a sì máa ní ariwo ṣíì-ṣíì lábẹ́lẹ̀. Ìgbọ́rin tí ìró òkè rẹ̀ mú bí abẹ yóò sọ ariwo náà di ìyà fún etí rẹ. Wá èyí tí ìró òkè rẹ̀ tutù.

Ọ̀tọ̀ ni fújì. Ìlù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń yára. Báàsì tí ó bá ń dún tí kò tètè dákẹ́ yóò da ìlù kan mọ́ èkejì, orin Síkírù Àyìndé Barrister yóò wá dà bí ẹni ń yí àgbá. Èyí tí báàsì rẹ̀ gé ṣákáṣáká ni kí o wá. Orin Fẹlá ń fẹ́ báàsì, ó ń fẹ́ fèrè, ó sì gùn: Zombie tí ó ṣe ní ọdún 1976 ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ìgbọ́rin tí ń dun ni létí lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò wúlò fún un. Bí ó bá sì jẹ́ Afrobeats òde òní tàbí àmàpíánò tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá ni ọkàn rẹ ń fà sí, n kò ní bá ọ jà. Báàsì ni ẹran inú ọbẹ̀ wọn, o lè ra èyí tí báàsì rẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n rí i dájú pé o ṣì ń gbọ́ ohùn akọrin. Ní ti orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ohùn mẹ́rin ti ń lọ pọ̀, èyí tí ó fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ ni ó dára jù.

Lẹ́yìn orin, ibi tí o ti ń gbọ́ ọ ni kí o rò. Íapíìsì onírọ́bà tí ń wọ inú ihò etí a máa dí ariwo ìta, ó sì dára nínú ọkọ̀ tàbí ní ilé tí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí. Rọ́bà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oríṣi mẹ́ta nínú páálí: kékeré, àárín àti ńlá. Dán gbogbo wọn wò. Bí rọ́bà kò bá dí etí dáadáa, báàsì yóò sá lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti ju ọjà rere nù nítorí èyí. Hẹ́dífóònù tí ó bo etí pátápátá dára fún yàrá. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ a máa jẹ́ kí orin fẹjú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó tì ọ́ yóò máa bá ọ gbọ́ ọ. Koss Porta Pro, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1984, wà nínú irú èyí. Ó fúyẹ́, kò sì dán rárá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yé rà á.

Bí owó rẹ bá kéré, èmi yóò gbà ọ́ níyànjú pé kí o ra èyí tí ó ní wáyà. Èyí tí kò ní wáyà ní bátìrì, ó ní ẹ̀rọ tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ara owó rẹ ni a sì fi ra gbogbo wọn kí ó tó kan ìró. Kọ́kọ́ wo fóònù rẹ ná, nítorí pé láti ìgbà tí Apple ti yọ ihò íapíìsì kúrò lára iPhone 7 ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara páálí tàn ọ́. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ń kọ 20 sí 20,000 Hertz sí ara wọn, kò sì sọ bí ìró náà ti rí fún ọ. Ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú: orúkọ ńlá tí a ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́ ń fẹ́ ìwádìí. Mú orin mẹ́ta tí o mọ̀ dunjú lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan tí báàsì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tí ohùn ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, àti ọ̀kan tí agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀. Bí o bá ń fi méjì wéra, jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba, nítorí pé èyí tí ó bá ń pariwo jù ni etí máa ń rò pé ó dára jù. Gbọ́ apá ọ̀tún, gbọ́ apá òsì, kí o sì rọra mi ìdí wáyà wò bóyá yóò máa ṣẹ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọjà olówó ńlá nìkan ni ó dára. Irọ́ ni. Àwọn hẹ́dífóònù olówó ńlá kan wà tí agbára fóònù kò lè gbé, tí wọn yóò máa dún bí ẹni tí ebi ń pa. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, kí o sáà ti mú èyí tí ó bá dé ọwọ́ rẹ. Àwọn wọ̀nyí náà ṣìnà, ẹ̀rí mi sì ti wà lókè. Pinnu iye tí o lè ná kí o tó jáde nílé, má sì ṣe fi ọwọ́ kan owó fọ́ọ̀mù ìdánwò rẹ. Bí a bá ti mọ là á kú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì wúwo jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìró bá wà ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80, a lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Àwọn irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ kì í hù mọ́ bí wọ́n bá ti kú. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kí o ra èyí tí ó bá orin rẹ mu. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ yóò máa yí ohùn sókè láti wá a, bẹ́ẹ̀ ni etí yóò ṣe máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá sì ń kọjá ní títì, yọ ọ́ kúrò létí. Fèrè ọkọ̀ kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìparí, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mọ orin rẹ, mọ ibi tí o ti ń gbọ́ ọ, mọ owó rẹ, kí o sì fi etí ara rẹ dán ọjà wò. Bí o bá ṣe èyí, owó kékeré yóò fún ọ ní ìgbádùn ńlá. Ní ọjọ́ tí o bá sì dàgbà bí mo ti dàgbà yìí, tí o fi orin ìgbà èwe rẹ sétí, wàá ṣì máa gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.