Ẹ Dá Ọkọ̀ Olọ́kọ̀ Padà Bí Ẹ Ṣe Gbà Á

Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ asáré wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nítorí bíréèkì, tó sì gbé e jáde tó ń yọ èéfín dúdú, kò nílò àlàyé lórí ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń bá jà. Owó iṣẹ́ ti lọ, ọkọ̀ kò sáré mọ́, ọ̀gá sì ń búra pé bó ṣe wà nígbà tí wọ́n gbé e dé nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án ti gba ọjà Ládípọ̀ lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ìgbà tó máa dé, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ohun tó ń fà á kò pamọ́. Àwọn kan kò kọ́ṣẹ́ yanjú, àwọn kan ń kánjú, ojúkòkòrò ń dààmú àwọn mìíràn, ìjọba sì káwọ́ gbera. Kí á fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó ń bíni nínú ju ìbàjẹ́ ọkọ̀ lọ ni èsì tí wọ́n máa ń fún olọ́kọ̀: "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ fi kinní kún ọkọ̀?" Mẹkáníìkì á sọ ọ́, ọlọ́pàá tí wọ́n pè wá parí ìjà á sọ ọ́, tó bá délé, ìyàwó rẹ̀ náà á tún un sọ. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹni tó bá ti yọ ohun tí ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀, tó gé sàlẹ́ńsà, tó fi tọ́bò ńlá rọ́pò kékeré, tó ní kí wọ́n yí ètò inú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, padà, ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Ohunkóhun tó bá ṣe ọkọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lára ọkọ̀ kan. Golf GTI ìran karùn-ún, èyí tó jáde ní 2004, ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì tó ní tọ́bò. Agbára ẹṣin bíi 200 ni ilé iṣẹ́ fún un, àtúntò brain box nìkan sì lè gbé e kọjá 230. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá ti fún pọ̀ máa ń gba inú họ́ọ̀sì lọ sí intercooler, níbi tó ti ń tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Olọ́kọ̀ tó fẹ́ kí họ́ọ̀sì náà lè gba agbára á fi onísílíkóònù rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé kìlíìpù onírin tí wọ́n ń fi súkúdírafà fún le ló dè é mú. Mẹkáníìkì tó fẹ́ ráàyè dé ibòmíràn tú họ́ọ̀sì yìí. Ó dá a padà. Kò fún kìlíìpù le.

Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, kò sí ohun tó ṣe é. Àfìgbà tí olọ́kọ̀ bá dé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ni họ́ọ̀sì á yọ. Sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti ka afẹ́fẹ́ náà wọlé, brain box sì ti da epo tó tó o sílẹ̀, láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Epo á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú á máa jáde, agbára á sì ku díẹ̀. Wọ́n á fi scanner sí i, scanner á kọ P0299. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fún pọ̀ kò tó iye tó yẹ. Kò sọ pé tọ́bò ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tí olọ́kọ̀ máa gbọ́ ni: "Ọ̀gá mi, tọ́bò ti lọ o. Ẹ lọ múra owó tòkunbọ̀ kan." Iṣẹ́ súkúdírafà ti di owó tọ́bò!

Kí ló kan àtúntò nínú ìyẹn? Kìlíìpù tí wọn ò fún kì í bèèrè bóyá agbára ẹṣin 200 ni ọkọ̀ ní tàbí 300 kó tó yọ. Ọwọ́ ẹni tó tú u ló yẹ kó dì í.

Òótọ́ ni pé àtúntò lè ba ọkọ̀ jẹ́. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olótọ́bò béèrè epo bẹntiróòlù tó jẹ́ RON 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ (RON ni ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná ṣáájú àsìkò). Ẹni tó bá tún fi agbára kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá ń ra epo tí kò tó bẹ́ẹ̀, ń fi ẹ́ńjìnnì ṣeré: epo á máa gbiná kó tó tó àsìkò, pístìnì sì lè fọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí olọ́kọ̀ gba ẹ̀bi rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀bi lé àtúntò lórí gbọ́dọ̀ fi hàn pé àtúntò ló ṣe é. Kò tó kó kàn nawọ́ sí sàlẹ́ńsà ńlá kó máa rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe èrò tuntun nìyí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss, láti ọdún 1975. Lábẹ́ òfin yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò lè sọ pé ìdánilójú tóun fún oníbàárà ti parí kìkì nítorí pé ó fi ẹ̀yà ilé iṣẹ́ mìíràn sí i. Bí ilé iṣẹ́ náà kò bá fẹ́ sanwó, òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀yà yẹn ló fa ìbàjẹ́ tí wọ́n ń jà lé lórí. Bí General Motors pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ bá gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, ta wá ni ọ̀gá abẹ́ igi máńgòrò tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán á fi tó o?

Ẹni tó gbé agbádá fún télọ̀ pé kó bá òun rán ọrùn rẹ̀, tí télọ̀ fi áyọ́ọ̀nù jó o, ṣé ó máa gbà kí télọ̀ sọ pé iṣẹ́ ọnà ara aṣọ náà ti pọ̀ jù? Ilé ẹjọ́ ti dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1965, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ Morris àti Martin. Aṣọ onírun olówó iyebíye kan dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa fọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ wọn sì jí i lọ. Ilé iṣẹ́ ní ọwọ́ òun mọ́. Ilé ẹjọ́ ní rárá: ẹni tó gba ohun ìní ẹlòmíràn sọ́wọ́ ni yóò dáhùn fún ìwà òṣìṣẹ́ tó fi ohun náà lé lọ́wọ́. Kí gbogbo ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi "road test" gbé ọ̀rẹ́bìnrin káàkiri ìlú rántí èyí.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò sì ṣaláìní òfin. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó bá gba ohun ìní oníbàárà láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dá a padà ní ipò tí kò burú ju ti ìgbà tó gbà á lọ. Bí iṣẹ́ kò bá dára, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkọ̀ tó ní tọ́bò ńlá kò sí lára ohun ìní.

Àwọn kan á ní tálákà ni mẹkáníìkì, kí wọ́n má fi òfin ni ín lára. Ó dára. Ṣé olọ́kọ̀ tó fọdún mẹ́ta tọ́jú owó ra ọkọ̀ Celica àtijọ́ ni Dangote ni? Mẹkáníìkì gan-an ni àkọsílẹ̀ ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tó dé máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí pé olọ́kọ̀ ẹlẹ́tàn náà wà, àwọn tó máa gbé ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ wá ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè rí ẹni dì í rù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe nìyẹn: ìwé ìgbàwọlé. Kó tó di pé wọ́n tú ohunkóhun, kí wọ́n kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, ibi tí epo wà, iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà tí scanner kà, àti gbogbo ohun tí olọ́kọ̀ fi kún un. Kí olọ́kọ̀ àti ọ̀gá jọ buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò inú bónẹ́ẹ̀tì. Ìwé àkọsílẹ̀ oníkábọ́ọ̀nù kan àti báírò kan ló ná wọn. Láti 1971 ni ìpínlẹ̀ California ti fi òfin de àwọn ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí iṣẹ́ máa jẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣe ju èyí tí olọ́kọ̀ fọwọ́ sí lọ láìtún gba àṣẹ. Èkó àti Ọ̀yọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, tẹ irú ìwé kan náà fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n má dúró de ìjọba.

Ìkejì ni ti brain box. Ẹni tó fi injector ńlá, ẹ̀yà tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, sí ọkọ̀ ti ní láti yí ètò inú brain box kí ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá dé ṣọ́ọ̀bù, réwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, á so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, á ní òun ń "ṣe update", á da ètò ilé iṣẹ́ padà sórí rẹ̀. Brain box á gbà pé injector kékeré ṣì ni, á máa ṣí wọn pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, epo á sì rin plọ́ọ̀gì gbingbin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú brain box gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da èyí tó wà níbẹ̀ kọ sí ibi kan, kó sì gba àṣẹ olọ́kọ̀. Bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dà á kọ, kó má fọwọ́ kàn án.

Ìkẹta, kí wọ́n dá ẹ̀yà tí wọ́n yọ padà fún olọ́kọ̀. Tọ́bò tó "ti kú" yẹn dà? Bó bá kú lóòótọ́, kí olókùú rí òkú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì, nítorí òfin 2018 yẹn ní kí wọ́n sọ fún oníbàárà bí ọjà kì í bá ṣe tuntun.

Àwọn yòókù nìyí:

Kí wọ́n kọ irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí ẹ́ńjìnnì. 20W-50 kọ́ ni oògùn gbogbo ọkọ̀.

Kí ọmọ iṣẹ́ tí kò ní láísẹ́ńsì má wa ọkọ̀ oníbàárà jáde.

Kí ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìnṣúránsì fún ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ọ̀gá tó bá gbà pé òun máa dá owó padà kọ iye náà sílẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju 5,000,000 náírà lọ.

Kí ẹgbẹ́ ní ìgbìmọ̀ tó mọ ọkọ̀ olótọ́bò, tó lè wo ọkọ̀ bí ìjà bá dé.

Kí olọ́kọ̀ má sì dúró de ọjọ́ tí gbogbo èyí máa ṣẹ. Kó kọ ìwé ìgbàwọlé tirẹ̀ láti ilé, kó fi síwájú ọ̀gá kó tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá ní òun ò ní buwọ́ lù ú, kó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, kó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.