Ẹni Tó Gba Ìtàn Lọ́fẹ̀ẹ́, Kó Dúpẹ́

Láti ọdún 2003 ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn ti ń ṣe Yuletide, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ta ara wọn lọ́rẹ ìtàn nígbà Kérésìmesì. Àwọn ẹ̀dá inú ìwé, fíìmù àti eré tí kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí ni wọ́n ń kọ ìtàn tuntun lé lórí.

Wọn a kọ́kọ́ fa orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn kalẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá fà kalẹ̀, kò ṣeé tọrọ. Nítorí náà, kò yẹ kí èèyàn kàn da orúkọ sílẹ̀ bákan ṣáá. Àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fa orúkọ kalẹ̀ kò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á tọrọ ìtàn, wọ́n á sì yan òǹkọ̀wé kan fún un. Òǹkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ kọ ìtàn tí kò dín ní 1,000 ọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tí olùtọrọ rẹ̀ tọrọ. Bí olùtọrọ bá ní òun ò fẹ́ ikú ọmọdé, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìtàn náà. Àmọ́ bó bá ní kí àwọn ẹ̀dá náà jọ jẹun létí òkun, ìyẹn kò di dandan.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ti àwọn tó ń gba ẹ̀bùn tí wọn kì í fọhùn. Ẹni tó fi oorun du ojú nítorí àjèjì yẹ lẹ́ni tí à ń kí. Òǹkọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá sì ká a mọ́, kó tètè yọwọ́ kí gbèdéke tó pé, kí wọ́n lè rí ẹlòmíì gbé iṣẹ́ náà fún.