Ẹni Tí Ó Làágùn Ni Kí Ó Jẹ Èrè

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní ìlú Anaheim ní ìpínlẹ̀ California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan bọ́ sí ojú agbo, ó ń jó, ó ń tàkìtì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Orin Tina Turner àti ti Michael Jackson wà lára èyí tí ó ń jó sí. Nígbà tí ó ṣe tán, àwọn onídàájọ́ fún un ní máàkì 10 nínú 10, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọn kò rí àléébù kankan nínú ohun tí ó ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti wo àwòrán eré náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà tí ó ju mílíọ̀nù 40 lọ. Katelyn Ohashi ni orúkọ ọmọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles, tí gbogbo ayé mọ̀ sí UCLA. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yìí, òfin kò jẹ́ kí ó gba kọ́bọ̀ kan lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bùn eré ìdárayá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò.

Eré òkìtì títa tí àwọn Òyìnbó ń pè ní gymnastics kì í ṣe eré ọ̀lẹ. Ohun mẹ́rin ni obìnrin ń ṣe nínú rẹ̀: yóò sáré fò kọjá orí àga ìfò; yóò fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọ̀pá méjì tí gíga wọn kò dọ́gba; yóò tàkìtì lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ; yóò sì jó pẹ̀lú òkìtì lórí ilẹ̀. Ẹni tí yóò bá mọ̀ ọ́n dé ojú àmì, láti kékeré ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Seattle ni wọ́n bí Ohashi sí ní ọdún 1997. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí àtikọ́ eré yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ ibòmíràn mọ ohun tí ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọdé.

Ìyà náà kọ́kọ́ so èso. Ní ọdún 2011, ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ó gba ife American Cup, ẹni tí ó sì ṣe ipò kejì sí i ni Simone Biles, tí ó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lágbàáyé lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ tí eegun ẹ̀yìn Ohashi fi sán, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní èjìká. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé wọ́n máa ń fi ìsanra ṣe yẹ̀yẹ́ òun, tí wọ́n sì fi òun wé ẹyẹ tí kò lè fò. Èyí tí ó burú jù ni pé nígbà tí ó ṣèṣe, inú rẹ̀ dùn. Bí ọmọ bá ń yọ̀ sí ọgbẹ́ ara rẹ̀, ó yẹ kí àwọn àgbà tí ó yí i ká bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó gbé e dìde. Nígbà tí ó dé UCLA ní ọdún 2015, ọwọ́ Valorie Kondos Field ni ó bọ́ sí, obìnrin oníjó tí kò ta òkìtì ìdíje rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti ń darí ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1991. Ohashi sọ fún un pé òun kò fẹ́ di ẹni ńlá mọ́, nítorí ìrora tí ipò ńlá ti mú bá òun. Olùkọ́ náà kò fi ìbínú lé e. Ó fi sùúrù bá a lò títí ayọ̀ fi padà sí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, UCLA gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, Ohashi sì wà lára àwọn tí wọ́n jọ gba ipò kìn-ín-ní nínú òkìtì orí ilẹ̀. Kí àwọn tí wọ́n gbàgbọ́ pé ẹkún nìkan ni ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti èrè. Òfin NCAA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè nígbà náà láti fi orúkọ ara rẹ̀ gba owó ìpolówó ọjà. Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ díje ní ọdún 2013. Biles ti yan UCLA, ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 ó pinnu láti máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ àtiṣeré fún yunifásítì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohashi yan yunifásítì, ìlẹ̀kùn owó sì tì mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Òfin ni ó gbé wọn sí oríta tí kò yẹ kí ó sí rárá.

Àwọn tí wọ́n gbèjà òfin náà a máa sọ pé owó ilé ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń san fún eléré ti tó èrè. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé ìwé kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n yunifásítì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ń gba owó ìpolówó, olùkọ́ni ń gba owó oṣù. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó làágùn nìkan ni kí ó fi àtẹ́wọ́ yó? Agbábọ́ọ̀lù lè retí owó lẹ́yìn ilé ìwé. Díẹ̀ ni obìnrin tí ń ta òkìtì tí ó ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ó wà ní yunifásítì gan-an ni orúkọ rẹ̀ níye lórí jù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ohashi parí eré rẹ̀ ní UCLA ní ọdún 2019, ó sì figbe ta lórí ìrẹ́jẹ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, gómìnà California bọwọ́ lu òfin tí yóò tú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2021, NCAA fúnra rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ní ọdún kan náà ni Sunisa Lee gba wúrà Òlíńpíìkì ní Tokyo, tí ó sì wọ Yunifásítì Auburn láìfi owó ìpolówó sílẹ̀. Àtúnṣe náà dára, ṣùgbọ́n kò san gbèsè àwọn tí wọ́n ti kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré fún Yunifásítì Texas ní El Paso kí ó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 gba ipò ẹni tí ó yára jù lágbàáyé nínú eré 100 mítà afigifò ní ọdún 2022. Àwọn mìíràn ṣì ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n dàgbà sí ẹ̀yìn odi. Kí òbí wọn mọ̀ pé òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ṣì dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà owó mọ́ àlejò ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kí òbí tó bọwọ́ lu ìwé, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò tọ́jú ọmọ yìí bí ó bá ṣèṣe? Ǹjẹ́ wọn yóò jẹ́ kí ó kàwé gboyè? Ta ni yóò gba owó tí orúkọ rẹ̀ bá mú wá? Bí àtẹ́wọ́ bá dákẹ́, tí àwọn òǹwòran bá sì ti lọ sí ilé wọn, ohun tí ó bá kù lọ́wọ́ ọmọ náà nìkan ni èrè.