Ẹ Gbé Sáyẹ́ǹsì Lọ sí Òkè-Àró

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ yìí lè bí yín nínú, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Ní ọdún 2020 ni ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tí ó wà ní Òkè-Àró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ni ó kú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì wọ gbèsè.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì. Láti 1921 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. A mọ̀ pé kò ní oògùn. A mọ̀ pé bàtà, ọ̀bẹ àti àjẹkù oúnjẹ a máa gbé e kiri, àti pé bí àjẹkù bá gbóná dé 90°C fún 60 ìṣẹ́jú, kòkòrò rẹ̀ yóò kú. Mélòó nínú wa ni ó ti sọ èyí fún ọmọ tí ń gbá ilé ẹlẹ́dẹ̀? Èmi náà jẹ̀bi. Bí a bá tilẹ̀ jáde, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni à ń pín, a ó ya fọ́tò, a ó wọkọ̀.

Àwọn kan ní Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Irọ́ ni! Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Wọ́n ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ.

Ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a mú òṣùwọ̀n ibà lọ. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wọn ìgbóná ara ẹran, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́; bí ó bá kọjá 40°C, kí ó tètè ké sí oníṣègùn ẹran.