Ẹ má fi ọ̀dà bo àjà balùwẹ̀ tó bu o!

Àṣà kan ti wà lọ́wọ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù kan l'Ékòó tipẹ́. Bí ayálégbé kan bá ti kó jáde, tí òmíràn ń bọ̀ wá wo ilé, wọn a ní kí péńtà fi ọ̀dà funfun bo àjà balùwẹ̀ tó ti dúdú. Ilé á máa dán lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó. Kí òjò ọdún náà tó dá, ọ̀dà ti ń já lulẹ̀ sórí ẹni tó ń wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà ilé lásán, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Nílùú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá kan fẹjọ́ sùn lọ́dún 2017 pé ilé tí òun háyà ti bu. Wọ́n ní kó lọ kùn ún lọ́dà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀, Awaab Ishak, sínú ilé náà. Oṣù Kejìlá, 2020, lọmọ náà kú, lọ́mọ ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ tán lóṣù Kọkànlá, 2022, wọ́n ní ilé tó bu yẹn ló fa àìsàn èémí tó pa á.

Òtútù ibẹ̀ kò sí l'Ékòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí àjà bu kò yàtọ̀: omi ni. Omi yẹn ni kéèyàn kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ọ̀dà. Bí àmì roboto tó dà bí àwọ̀ tíì bá ń fẹ̀ sí i, omi ń jò ni. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò nìkan ló ń rin, páànù ló lu. Tó bá ń rin lẹ́ẹ̀rùn pàápàá, kí wọ́n pe púlọ́ńbà kó wo páìpù òkè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tótòtó dúdú ló kún igun àjà, ooru ìwẹ̀ tí kò ríbi jáde ni. Fèrèsé tí wọ́n tì pa nítorí ẹ̀fọn ló ń fa èyí. Kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kí wọ́n sì máa ṣí i.

Ìgbà tí omi bá dá tán ni ìfọ̀ kàn. Kí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́, kó bo imú àti ojú, kó ṣílẹ̀kùn. Ife bílíìṣì kan sínú omi lítà 4 ti tó. Kò gbọdọ̀ da ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn mọ́ ọn o, gáàsì tó máa jáde lè pààyàn! Kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó ha ọ̀dà tó ti bó kúrò, kó tó tún un kùn. Ṣùgbọ́n àjà asbestos inú ilé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má ha á rárá, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ta ni yóò wá sanwó? Òfin ayálégbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 gbé àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò lé onílé lọ́rùn. Ó sì ní kí ayálégbé tètè sọ fún onílé tí ibi kan nínú ilé bá bàjẹ́ gidi. Ẹnu lásán kò tó. Kí ayálégbé kọ lẹ́tà, kó kọ déètì sí i, kó ya fọ́tò àjà náà, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́. Lánlọ́ọ̀dù tó bá sì rán péńtà wá ṣáájú púlọ́ńbà, kí wọ́n dá péńtà náà padà.