Kí òǹtẹ̀ rìn, kí ènìyàn jókòó

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa ní Bantè kò wá sí ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. A rò pé ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ṣàlàyé pé òun àti bàbá òun ni àwọn jọ ń rìn kiri nítorí ìwé ìbí òun. Orúkọ tó wà nínú ìwé náà fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò ń lọ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Ibi kejì, wọ́n ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i ti lọ sí ìpàdé. Ilé ìbátan kan ni wọ́n sùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀gá dé, ìwé kan kù, ìwé náà sì rèé, Bantè tí wọ́n ti kúrò ni wọ́n ti lè rí i gbà. Àsìkò náà ni àwọn àgbẹ̀ wa ń ro àyíká oko kajú, kí iná ìgbẹ́ má baà jó o. Bàbá náà fi oko sílẹ̀, ó ta ewúrẹ́ kan fún owó ọkọ̀. Lẹ́tà kan, ewúrẹ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin.

A kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan. Kò sí ẹni tó bú wọn, kò sí ẹni tó béèrè rìbá lọ́wọ́ wọn. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá pàdé ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí. Ohun tó ń bí wa nínú gan-an nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn burúkú kan ló dúró lọ́nà, à bá pe ẹni náà lẹ́jọ́, kí á sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n ètò tí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń ṣe dáadáa, tí ọmọ àgbẹ̀ sì ń jìyà lábẹ́ rẹ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ pè lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹkùn Collines ní commune mẹ́fà: Bantè, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè, Savalou àti Savè. Bantè nìkan ní arrondissement mẹ́sàn-án: Bantè fúnra rẹ̀, Agoua, Akpassi, Atokoligbé, Bobè, Gouka, Koko, Lougba àti Pira. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé àwọn tó ń gbé inú commune náà ju 100,000 lọ. Kì í ṣe abúlé kan lẹ́bàá igbó la ń sọ. Síbẹ̀, bí ará Bantè bá ní ẹjọ́ tó ju agbára àwọn àgbà lọ, Savalou ló ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ wà. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di Abomey. Bí àìsàn bá ju agbára ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí lọ, Savalou ni ilé-ìwòsàn tí wọ́n ṣe fún Savalou àti Bantè pọ̀. Bí ó bá ju ibẹ̀ náà lọ, ilé-ìwòsàn ńlá Zou àti Collines, Abomey ló wà, nínú ẹkùn ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní ATDA, Parakou ni olú ibùjókòó rẹ̀ fún agbègbè tiwa. Kò sì sí ọ̀nà ọ̀dà tó lọ tààrà láti Bantè sí Parakou: yálà kí o sọ̀kalẹ̀ dé Dassa kí o tó tún gòkè, tàbí kí o gba Bassila dé Djougou kí o tó yà. Ilẹ̀ wa ló ń hu iṣu àti kajú, àmọ́ etí tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ oníṣu àti oníkajú jìnnà sí ebè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè má mọ̀ pé ẹkùn yìí kò tíì dàgbà. Òfin oṣù kìíní ọdún 1999 ló sọ ẹkùn mẹ́fà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ di méjìlá, tó sì yọ Collines jáde lára Zou. Orúkọ dé, iṣẹ́ kò tẹ̀lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, préfet kan ṣoṣo ló ń jókòó ní Abomey fún Zou àti Collines. Ọdún 2016 ni Dassa-Zoumè, tí àwa Nàgó ń pè ní Ìdáàṣà, di olú-ìlú ẹkùn, tí préfet tiwa sì wọ ibẹ̀. A kò ní ya aláìmoore: Dassa sún mọ́ wa ju Abomey lọ, ẹni tó sì ti rin ìrìn-àjò méjèèjì rí kò ní fi wọ́n wé ara wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé wa fi àǹfààní yẹn ṣe? Ìjà ibùjókòó ni. Savalou ní ìlú àwọn ni olórí cercle gbé láyé àwọn Faransé, pé àwọn ló yẹ kí préfecture bọ́ sí lọ́wọ́. Dassa ní oríta ọ̀nà méjì ni àwọn wà, pé ibi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Djougou ti pínyà ni gbogbo ènìyàn ń kọjá. A ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, àní níbi ọdún iṣu tí Savalou ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, níbi tó yẹ kí ẹnu gbogbo ènìyàn kún fún iyán. Kí ló kan Bantè níbẹ̀? Ẹni tó ń rin nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà kó tó rí Savalou, tó tún ń rin nǹkan bí ọgbọ̀n sí i kó tó dé Dassa, bí wọ́n bá gbé préfecture láti ìlú kan lọ sí èkejì, owó ọkọ̀ rẹ̀ lè dín díẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣòfò kò dín. Tí a bá sì gbé e wá sí Bantè, ará Ouèssè ni yóò máa sunkún. Àga tí a ń jà sí kọ́ ni àìsàn wa.

Àwọn bàbá wa ń sọ pé, kí commune tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, sous-préfet wà ní Bantè. Ẹ má jẹ́ kí á fi oyin ra ìtàn náà. Etí ìjọba ni sous-préfet, àwọn kan ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń sá wọ igbó ní àsìkò owó orí. Ṣùgbọ́n ìlú ló ń sùn, a mọ ilé rẹ̀, ìbínú ará ìlú sì lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí òfin fi ìwé ìbí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi àti ọjà sí ọwọ́ commune, a yọ̀, ó sì yẹ kí á yọ̀. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tí mairie kékeré nílò láti fi ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn tó mọ ìṣirò afárá, àwọn tó mọ òfin ilẹ̀, inú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn ni wọ́n ṣì wà. A gba ẹrù, a kò gba alágbàrù.

A mọ èsì tí wọn yóò fún wa. Wọn yóò ní ayé ti yí padà, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba wà báyìí, pé ènìyàn lè béèrè ìwé láti inú yàrá rẹ̀. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Àwa olùkọ́ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwa ni a ń bá àdúgbò tẹ̀ ẹ́. Alẹ́ ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, tí fóònù wa sì ní iná, a ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ojú fóònù ń gba ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì, ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò bá ti àbúrò rẹ̀ mu, ẹni tí kò ní ìwé ìbí rárá, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ló máa dá a padà sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà sì wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó rọrùn fún tẹ́lẹ̀ ni ó tún rọrùn fún sí i.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹgbẹ́ bí irú tiwa kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ní ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan mú ìwé wá bá wa. A bi í pé: «Bàbá, kí ni wọ́n sọ fún yín níbẹ̀?» Ó ní: «Wọ́n ní kí n padà wá.» «Nígbà wo?» «Ọmọ mi, wọn kò sọ.» Wọ́n sọ. Ọjọ́ náà wà nínú ìwé, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́, ní Faransé tó mọ́ kedere. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ náà ti kọjá. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ, ní ìlà kọkànlá rẹ̀, pé gbogbo àwùjọ tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. A máa ń ka ìlà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ̀nba ìgbà tí a bá ń ṣe ọdún àṣà ni a tún ń gbọ́ ọ. A kò ní kí préfecture máa kọ lẹ́tà sí Kútọnu ní èdè Ìṣà. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹnìkan wà níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé, tó lè sọ fún ará Akpassi ní Nàgó, tó sì lè sọ fún ará Savalou ní Mahi, pé: ọjọ́ báyìí ni kí ẹ padà, ohun báyìí ni kí ẹ mú wá.

Ǹjẹ́ ó ṣòro fún ìjọba láti wá bá wa? Kò ṣòro, nítorí ó ti wá rí. Láàárín 2017 sí 2018, nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ àti àwòrán gbogbo ará ìlú jọ nínú ètò RAVIP, ta ló rìnrìn-àjò? Àwọn òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá sí àdúgbò wa, wọ́n ya àwòrán wa, wọ́n gba ìtẹ̀ka wa, wọ́n ní sùúrù fún àwọn arúgbó tí iṣẹ́ oko ti pa ojú ìka wọn rẹ́. Nígbà ìbò, àpótí máa ń dé abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gun alùpùpù lọ bá àwọn ìkókó. Oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba fi lé ètò oúnjẹ àgbáyé, PAM, lọ́wọ́ láti ọdún 2017 ń dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a ń pè ní ìparí ayé. Bí àpò ìrẹsì bá lè dé, òǹtẹ̀ kò wúwo tó àpò ìrẹsì. Nígbà tí ìjọba bá ní nǹkan láti gbà lọ́wọ́ wa, ojú ìka wa tàbí ìbò wa, ó mọ ọ̀nà. Ìgbà tí àwa bá ní nǹkan láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà ń jìn.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Préfet ni òfin fi ṣe aṣojú ìjọba ní ẹkùn, òun ló sì ń kó iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn pọ̀. Kí ó yan ọjọ́ kan lóṣù, ọjọ́ kan náà, tí kò ní yẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́, ti ilẹ̀, ti ìwé ìbí àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ kan náà wá sí mairie Bantè, pẹ̀lú àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀. Àṣẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹni tó wá gba ìwé wa lọ láti lọ fọwọ́ sí i ní Dassa, asáréjíṣẹ́ ni, àwọn awakọ̀ wa sì ti ń ṣe ìyẹn fún wa tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì, kí wọ́n dé Pira; ní oṣù kẹta, kí wọ́n dé Akpassi. Kí Savalou náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tchetti àti Doumè, nítorí ará Tchetti kò sàn ju ará Bantè lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ commune rẹ̀ ni Savalou. Kí ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú máa rìn: ilẹ̀ wa ti ṣe ìgbẹ́jọ́ alárìnkiri rí fún àwọn tí kò ní ìwé ìbí, kì í ṣe ohun tuntun.

Ó ku àwa fúnra wa, àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí. Bí ọ̀ràn ìwé bá dé bá ẹ̀gbọ́n wa, kí la ń ṣe? A ó pe ẹnìkan tí a jọ ka ìwé ní Abomey-Calavi, tó ti di ọ̀gá níbì kan, ìwé á sì jáde. A pè é ní ìrànlọ́wọ́, a sì ń fi í yangàn nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n ìpè fóònù yẹn ni kò jẹ́ kí ètò tó wọ́ yìí tọ́, nítorí àwọn tí ohùn wọn lè dé òkè ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. A ti ṣe é, a kò ní purọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, orí ọmọ àwọn ẹlòmíràn ló ń wọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè kọ lẹ́tà sí òkè láti béèrè ilé àṣà, ó lè kọ ọ̀kan fún ọjọ́ kan lóṣù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, ẹ mú ìwé àjákọ kan, kí ẹ jókòó ti àwọn ará àdúgbò yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé wo, ìrìn-àjò mélòó, owó ọkọ̀ èló. Ohun tí a bá fẹ́ gbé síwájú préfet nìyẹn, kì í ṣe omijé.

Ọmọbìnrin yẹn rí ìwé rẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn, ó sì jókòó ṣe ìdánwò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sixième lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a yẹ ìwé ìbí rẹ̀ wò. Orúkọ bàbá kan náà ni, ìwé kan kọ ọ́ pẹ̀lú k, èkejì kọ ọ́ pẹ̀lú c.