Tálákà Ń San Owó Orí: Ẹ Yéé Purọ́ Mọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń gba owó oṣù, tó dùn mọ́ olóṣèlú nínú, tí tálákà pàápàá sì ti gbà gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kì í san owó orí. Aláta, ọlọ́kadà, télọ̀, bíríkìlà, gbogbo wọn ń jẹ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ jókòó sídìí tábìlì kan níbi ìgbéyàwó, kí ọ̀rọ̀ òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ju egungun ẹran sílẹ̀ tí á ní, "Kí ló kàn wọ́n? Ṣé wọ́n ń san táàsì ni?"

Irọ́ ni. Irọ́ yìí ló sì sọ wá di ẹni tó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi owó wa ra ìrẹsì fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù, torí kò sí aláta tí kò ní in mọ́. Òfin VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń bu lé ohun tí a bá rà, dé ní 1993, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 1994, náírà 5 lórí 100. Ní oṣù kejì 2020, ó di náírà 7 àti 50 kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ra káàdì 1,000 náírà, nǹkan bíi 70 nínú rẹ̀ ti di ti ìjọba kí ẹ tó sọ pé "hẹ́lò". Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń san án. Kì í ṣe òun. Akódà lásán ni. Ó gbà á lọ́wọ́ yín, ó sì gbé e fún ẹni tó rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìmẹ́ńtì tí bàbá kan fi rẹ́ ilé, ọṣẹ ìfọṣọ inú ọ̀rá, bàtà ọmọ iléèwé. Míníràlì tí ẹ fi ń ṣe àlejò tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: láti 2022 ni wọ́n ti bu náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Kí n má parọ́ mọ́ ìjọba o: gàárì, ẹ̀wà, iṣu, oògùn àti ìwé kò sí lára ohun tí wọ́n ń gba VAT lé lórí. Ìyókù ńkọ́?

Ká wá mú ẹni méjì. Ọ̀gá kan ń gba mílíọ̀nù 5 náírà lóṣù, ó ń ra káàdì 10,000. Aránṣọ kan ń rí 50,000 lóṣù, ó sì ń ra káàdì 5,000, torí orí fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń bá a dúnàádúrà. VAT ọ̀gá tó nǹkan bíi 700. Ti aránṣọ, bíi 350. Ojú lásán á ní ọ̀gá ló san jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó ń wọlé fún kálukú: nínú 1,000 náírà tí aránṣọ bá rí, náírà 7 ti lọ, nínú 1,000 tí ọ̀gá bá rí, kọ́bọ̀ 14 péré ni. Ẹrù aránṣọ wúwo ju ti ọ̀gá lọ ní ìlọ́po 50. Mo mọ̀ pé wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù ọ̀gá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mi ò bá a jà. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé ó ní òun nìkan ló ń san.

Ẹ tún wo ọjà. Mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ata rodo lórí tábìlì kékeré kan, agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n. Oòrùn kò tíì le. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ṣóòkì létí. Ìyá ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì tajé." Ó ní, "Ìyá, ẹ má pa mí lẹ́nu lówùúrọ̀." Ìyá tú eteetí ìró, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o fún un. Ó já bébà kan sílẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó fi ṣóòkì fa ilà sí ẹsẹ̀ tábìlì, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Kí ìyá tó ta agolo kan, ó ti san. Ìwọ tí o ń gba owó oṣù, ìgbà tí owó rẹ ti dájú ni wọ́n ń yọ tìrẹ. Tìyá yìí, kó tó mọ̀ bóyá èrè á wà ni.

Òfin mọ owó yẹn o. Òfin 1998 tó to orúkọ gbogbo owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sílẹ̀ ka owó ọjà, owó ìsọ̀ àti owó gáréèjì mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dí ojú ọ̀nà láti fi gba owó orí. Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ ẹrù láti oko wọ ìlú, ẹ mọ iye igi oníṣòó tí ẹ ń bá pàdé. Ọkọ̀ èrò náà ní tirẹ̀: ní Èkó, ìjọba dá owó 800 náírà lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ èrò ní 2022. Dírẹ́bà kì í gbé e sọ́rùn ara rẹ̀, àwa èrò la ń bá a san án.

Ẹnì kan á tún ní, "Òfin tuntun ti yọ tálákà kúrò." Lóòótọ́, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 ní kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ má san owó orí lórí rẹ̀. Ó dára, mo sì gbóríyìn fún un. Àmọ́ owó tó ń wọlé nìkan ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò yọ VAT káàdì fóònù, kò sì ní kí ọmọkùnrin oníṣóòkì má wá lọ́la.

Àwọn tó ṣáájú wa kò jẹ́ kí wọ́n fi irú irọ́ yìí tàn wọ́n. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí mọ̀ pé àwọn ń san owó orí, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n dúró ti ìbéèrè wọn títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, tó dìde ní 1968, kò ní àwọn ò ní san owó orí rárá. Òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni wọ́n ní agbára àwọn ká lọ́dún, torí wọn ò rí ọ̀nà, wọn ò rí omi. Ohun tó mú un rọrùn fún wọn ni pé akódà dúró síwájú wọn, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde òní, akódà ti kó sínú ọ̀rá ọṣẹ. Ẹni tí kò rí olè, ta ni yóò pariwo lé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé òun ò dá kọ́bọ̀ kan sí àpò ìjọba ni yóò gba kóńgò ìrẹsì kan lọ́jọ́ ìdìbò tí á sì ka ara rẹ̀ sí olóríire. Òun náà ni ọlọ́lá á máa ná owó sí lórí níbi òkú, tí onígángan á máa ki ọlọ́lá náà, tí á ní, "Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ wa." Ta ló ń bọ́ ta?

Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó VAT ní Àbújá. Títí di òpin 2025, ìjọba àpapọ̀ ń mú 15 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ 50, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 35. Òfin tuntun sọ ọ́ di 10, 55 àti 35. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí gọ́tà ọjà bá dí, tí ìyá aláta ń fi pákó rìn kọjá lórí omi ìdọ̀tí, ẹ lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ má lọ bá a bí ẹni tó ń tọrọ. Òfin 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ gbé lọ: èló ló wọlé láti Àbújá lóṣù tó kọjá, àti èló lẹ rí gbà lọ́jà wa?